Kí ẹ tó ta iṣu ra kọ̀ǹpútà mìíràn: Bí ọmọ yín ṣe ń gé nọ́ńbà ló lè máa jẹ mẹ́mórì

Òbí tó bá ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pẹ́ mọ irú ìpè yìí. Ọmọ á pe ilé, á ní kọ̀ǹpútà àgbéká tí wọ́n rà fóun kò lè gbé iṣẹ́ mọ́. Á ní ṣe ló ń dákú lórí iṣẹ́ àṣekágbá òun, á ní àfi kí wọ́n bá òun wá èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá tó wà lóko á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye iṣu tó máa tà. Ìyá á ti máa ro bóun ṣe máa bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun kí wọ́n gbé èsúsú oṣù yìí fóun.

Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó. Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kò lẹ́bi kankan. Bí wọ́n ṣe kọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ló ń dà á láàmú, nítorí pé wọ́n ń di ẹrù tí kò yẹ kó gbé lé e lórí.

Ẹrù ọ̀hún ni ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kó gé apá kan lára àtẹ nọ́ńbà ńlá. Array làwọn onímọ̀ ń pe irú àtẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe gígé náà ní slicing. Ẹni tó bá mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ lè fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti gbé kalẹ̀ pé kò ṣeé ṣe lórí irú ẹ̀rọ kan náà. Ọgbọ́n yìí kò gba owó. Ìmọ̀ ló gbà.

ÀKÁ YÀTỌ̀ SÍ ẸNÍ

Àwọn tó ń ra dátà sórí fóònù ti mọ ohun tó ń jẹ́ mẹ́gà àti gíìgì. Báìtì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mẹ́gà kan jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan báìtì, gíìgì kan sì jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́gà.

Àmọ́ ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pa méjèèjì pọ̀. Ibi àkọ́kọ́ ni disk, níbi tí fọ́tò, ìwé àti orin ń gbé títí ìgbà tí wọ́n bá máa nílò wọn. Àká lèyí. Bí iná tilẹ̀ lọ, ohun tó wà nínú àká ṣì wà níbẹ̀. Ibi kejì ni mẹ́mórì tí wọ́n ń pè ní RAM. Ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láti ṣa ẹ̀wà lèyí. Ohun tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ ló ń dà sórí ẹní, tí iná bá sì ti lọ, ẹní ti ká nìyẹn.

Ẹní kì í tóbi tó àká. Kọ̀ǹpútà tí àká rẹ̀ jẹ́ gíìgì 500 lè má ní ju gíìgì 4 lọ lórí ẹní. Inú gíìgì 4 yìí náà ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ ti máa mú ìpín tirẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì á mú tirẹ̀, kó tó wá kan iṣẹ́ ọmọ iléèwé.

Tí ẹní bá kún, kọ̀ǹpútà kì í tètè sọ pé ó ti sú òun. Ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀wà láti orí ẹní padà sínú àká, tí á tún máa lọ kó òmíràn wá. Àká sì jìnnà sí ẹní gan-an. Lílọ bíbọ̀ yẹn ni ọmọ ń rí tó fi ní kọ̀ǹpútà òun dákú. Bátìrì á máa lọ, epo jẹnẹrétọ̀ á máa jó, iṣẹ́ kò sì ní kúrò lójú kan.

Ọ̀rọ̀ àìtó àyè lórí mẹ́mórì kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbà tó gbọ́ ìròyìn lórí rédíò lóṣù keje ọdún 1969 á rántí bí ọkọ̀ Apollo 11 ṣe gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ náà kò ní ju àyè 2,048 lọ tó lè kọ nǹkan sí kó sì tún pa á rẹ́. Bí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà 1202 àti 1201 pariwo. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ ti kún ọwọ́ òun, kò sí àyè mọ́ tóun lè fi gba iṣẹ́ tuntun. Ohun tó yọ wọ́n ni pé àwọn tó kọ ètò rẹ̀ ti kọ́ ọ láti da iṣẹ́ tí kò pọn dandan sílẹ̀, kó sì di èyí tó ṣe pàtàkì mú. Àwọn yẹn kò ní àyè tí wọ́n lè fi ṣòfò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ lò.

ÌLÚ MÉJÌ, FÁÌLÌ MẸ́RIN

Iṣẹ́ kan wà tó kan ìlú méjèèjì, tó sì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé tọmọdé tàgbà. Lóṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti ilé-iṣẹ́ NASA ní Amẹ́ríkà lo ọjọ́ 11 lójú òfurufú. Réda ló gbé dání, iṣẹ́ tó sì bá lọ ni láti wọn gíga òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé. SRTM ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2014 ni wọ́n ṣí èyí tó ṣe fínnífínní jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan bíi mítà 30 ló wà láàárín ojú ibi kan tí wọ́n wọ̀n àti èkejì. Kó tó di ìgbà náà, èyí tó fi nǹkan bíi mítà 90 sáàárín làwọn èèyàn ń rí lò fún ilẹ̀ tiwa.

Onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì kan ní gígùn, dígírì kan ní ìbú. Ìlà 3,601 ló wà nínú fáìlì kan, nọ́ńbà 3,601 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Báìtì méjì ni nọ́ńbà kan gbà, èyí ló mú kí fáìlì kan jẹ́ báìtì 25,934,402, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gà 26.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú fáìlì kan náà. Ìlà dígírì 8 níhà àríwá àti ìlà dígírì 4 níhà ìlà-oòrùn ló gba àárín àwọn ìlú méjèèjì kọjá. Ọ̀yọ́ wà nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní N07E003, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà nínú N08E004. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlú méjèèjì àti gbogbo àyíká wọn sórí àtẹ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ so fáìlì mẹ́rin pọ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe eré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí omi òjò yóò gbà, ibi tí afárá kékeré gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, tàbí apá ibi tí àgbàrá ti lè gbá erùpẹ̀ oko lọ, gíga ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ní Ọ̀yọ́, Federal School of Surveying wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1908. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ladoke Akintola University of Technology wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990. Ọmọ tó bá ń kọ́ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n, ọ̀nà ṣíṣe, iṣẹ́ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ oko tàbí kọ̀ǹpútà lè bá irú àtẹ nọ́ńbà yìí pàdé nígbàkigbà.

ÒPÓ ÀÀLÀ NI, KÌ Í ṢE ERÙPẸ̀

Kí ẹbí kan ní ilẹ̀ oko tó lọ súà, kí wọ́n fẹ́ fi apá kan níbẹ̀ han ọmọ wọn pé kó máa dáko. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọn kò ní wa erùpẹ̀ apá yẹn kí wọ́n kó o lọ síbòmíràn. Ààlà ni wọ́n máa fi hàn án. Láyé àtijọ́, pèrègún ni wọ́n máa gbìn sí i. Lóde òní, awọnlẹ̀ á ri òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí mọ́lẹ̀, á sì ya á sórí ìwé. Ilẹ̀ wà níbi tó wà. Ìwé ló gba ọwọ́ ọmọ.

Bó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ní kó gé ègé kan lára àtẹ nọ́ńbà. Ohun tó nílò kò ju mẹ́ta lọ: ibi tí ègé náà ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gùn tó, àti iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Tí èèyàn bá ní kó fi nọ́ńbà kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá han òun, kò nílò láti kó wọn jọ síbì kan. Ìṣísẹ̀ ló máa gùn sí i, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń ka ebè mẹ́wàá kó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ègé náà lè jẹ́ mílíọ̀nù nọ́ńbà, ìwé ààlà rẹ̀ kò ní tóbi ju ti ègé tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá lọ. View làwọn onímọ̀ ń pe irú ègé báyìí, ìyẹn ohun tí wọ́n kàn ń wò láìgbé e kúrò níbi tó wà.

Ọ̀nà kejì ni kí kọ̀ǹpútà wá àyè tuntun lórí mẹ́mórì, kó wá da gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ègé náà kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀dà lèyí. Ó dà bí ẹni tó wa erùpẹ̀ ẹbí kó tó fi han ọmọ. Tí àtẹ bá kéré, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá tóbi, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌṢIRÒ RẸ̀ RÈÉ

Tí wọ́n bá so fáìlì mẹ́rin tó gbé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀, àtẹ tó máa jáde jẹ́ ìlà 7,201, nọ́ńbà 7,201 sì wà lórí ìlà kan. Kì í ṣe 7,202, nítorí pé etí fáìlì kan àti etí èkejì rẹ̀ ni wọ́n jọ ń pín lò. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nọ́ńbà 51,854,401. Ní báìtì méjì-méjì, mẹ́gà 104 ni, èyí tí kò ni ẹnikẹ́ni lára.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà náà di oríṣi tó ń gba ẹsẹ̀ ìdá, èyí tó jẹ́ báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kíá ni mẹ́gà 104 ti di mẹ́gà 415. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ wá kàn báyìí. Wọ́n fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mú gíga ibi tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á yọ gíga ibi tó wà lápá òsì kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n á ṣe bákan náà fún ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe é níkọ̀ọ̀kan. Ègé ńlá mẹ́rin ló máa gé lára àtẹ náà, èyí tó sún sí ọ̀tún, èyí tó sún sí òsì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, á wá yọ odindi ègé kan kúrò nínú odindi ègé kejì. Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7,199 ní gígùn àti ní ìbú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó àtẹ tí wọ́n ti gé e.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, ègé mẹ́rin yẹn nìkan ti gba mẹ́gà 1,658. Ẹ fi àtẹ àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́gà 415 kún un, kí ẹ tún fi èsì ìyọkúrò méjèèjì tó jẹ́ mẹ́gà 829 kún un. Mẹ́gà 2,902 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn gíìgì 2.9. Lórí ẹ̀rọ gíìgì 4 tí ètò mìíràn ti gba ìpín tirẹ̀, ẹní ti kún àkúnya.

Tó bá jẹ́ pé ààlà ni kọ̀ǹpútà kàn ń fi hàn, ègé mẹ́rin náà kò gba nǹkan kan tó ṣe é kà. Ohun tó máa kù ni àtẹ àkọ́kọ́ àti èsì méjèèjì, mẹ́gà 1,244. Iṣẹ́ kan náà ni, èsì kan náà sì ni. Ọ̀kan gba gíìgì 2.9, èkejì gba gíìgì 1.2. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún lo nọ́ńbà báìtì mẹ́rin dípò mẹ́jọ, èyí tó tó fún gíga ilẹ̀ dáadáa, mẹ́gà 622 péré ló máa jẹ́. Ọmọ tó ń sọ pé gíìgì 4 kò tó òun ti wá rí i pé gíìgì kan kò pé.

ÈDÈ KỌ̀Ọ̀KAN NÍ ÌWÀ TIRẸ̀

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni pé àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe bákan náà tó bá di ọ̀rọ̀ gígé.

Àwọn tó ń lo Python ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NumPy. Travis Oliphant ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2005, ẹ̀yà 1.0 sì jáde lọ́dún 2006. Nínú NumPy, tí èèyàn bá fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìparí gé àtẹ, ààlà ló máa fún un, kì í ṣe ẹ̀dà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣe ló to nọ́ńbà ìlà tó fẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí ó ní kó bá òun ṣa gbogbo ibi tó ga ju mítà 400 lọ, ẹ̀dà ni NumPy máa ṣe. Ìdí rẹ̀ kò le. Ibi tí wọ́n ṣà káàkiri kò ní ìṣísẹ̀ kan tó dọ́gba, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi òpó ààlà mẹ́rin yí i ká.

Julia, èdè tó jáde lọ́dún 2012, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ni òun máa ń ṣe tí èèyàn bá gé àtẹ láìsọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ààlà gbọ́dọ̀ kọ @view ṣáájú ègé náà, tàbí kó kọ @views sókè odindi iṣẹ́ kó lè kan gbogbo ègé tó wà nínú rẹ̀. Láti ẹ̀yà 1.5 tó jáde lọ́dún 2020, wọ́n ti tún un ṣe débi pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ààlà náà fúnra rẹ̀ kì í gba àyè tuntun mọ́. MATLAB, tó jẹ́ ti olówó, àti R, táwọn oníṣirò ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀dà làwọn náà máa ń ṣe tí wọ́n bá gé.

Nítorí náà, ọmọ tó kọ́ ọgbọ́n gígé nínú NumPy, tó wá gbé e lọ sínú Julia bó ṣe rí, lè máa ṣe ẹ̀dà ní gbogbo ìlà iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé inú iṣẹ́ tó ń yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún ni ègé náà wà, kọ̀ǹpútà á wá àyè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún, á kọ nọ́ńbà síbẹ̀, á sì tún máa gbá ẹ̀dà tí wọn kò nílò mọ́ dànù. Gbígbá yẹn náà ń gba àkókò.

Ẹ̀dà kan tún wà tí kì í hàn sójú. Tí èèyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ ègé kan kúrò nínú èkejì, àtẹ tuntun ló máa fi gba èsì. Tó bá tún ní kó pín èsì náà, àtẹ mìíràn lè tún yọjú. NumPy gbà kí èèyàn lo out láti fi sọ àtẹ tó ti wà nílẹ̀ tí èsì yóò bọ́ sí, ó sì gbà kó pín àtẹ náà síbi tó wà. Ẹni tó ní igbá kan tó ń fọ̀ tó sì ń tún un lò kò nílò igbá mẹ́wàá.

ÀBÙRÙ TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀ ÀJỌNÍ

Gbogbo ẹni tó bá mọ ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí mọ̀ pé ilẹ̀ àjọní ní ìjà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà. Ọmọ tí wọ́n fi ààlà hàn, tó wá gé igi tó wà níbẹ̀, igi ẹbí ló gé. Ẹni tó bá yí nọ́ńbà padà nínú ègé tó jẹ́ ààlà lásán, inú àtẹ ńlá gan-an ló ti yí i padà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nínú àwọn fáìlì tí SRTM kọ́kọ́ gbé jáde, nọ́ńbà -32,768 ni wọ́n fi sí ibi tí réda kò ti rí ilẹ̀ dáadáa. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gé apá Ọ̀yọ́ láti fi ya àwòrán, tó wá sọ gbogbo -32,768 tó wà níbẹ̀ di òdo kí àwòrán rẹ̀ lè mọ́. Tó bá padà sórí àtẹ ńlá láti ka iye ibi tí réda kò rí, kò ní rí èyí tó wà lápá Ọ̀yọ́ mọ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀ fún un. Òdo ló máa gbà pé ó jẹ́ gíga ilẹ̀, á sì máa bá ìṣirò lọ. Irú àṣìṣe yìí burú ju kí ẹ̀rọ dákú lọ. Ẹ̀rọ tó dákú ti jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, àmọ́ èsì tí kò tọ̀nà lè dé orí tábìlì ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà. Ní irú ibi báyìí, ẹ̀dà ló dára. NumPy ní àṣẹ copy fún un.

Àbùkù kejì ni ti ilé àtijọ́ tí wọn kò lè wó nítorí pé ẹnì kan ṣì ń gbé yàrá kan níbẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gé ìdajì dígírì ní gígùn àti ní ìbú lára àtẹ ńlá náà, èyí tó tó láti gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ègé náà jẹ́ 1,801 lọ́nà méjèèjì. Ní báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, mẹ́gà 26 ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ààlà ló dì mú, kọ̀ǹpútà kò lè tú mẹ́gà 415 tí àtẹ ńlá gbà sílẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ègé náà ṣì ń gbé. Ohun tó yẹ níbí ni kó ṣe ẹ̀dà ègé kékeré náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì jẹ́ kí àtẹ ńlá lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn á dá nǹkan bíi mẹ́gà 389 padà fún un.

Ẹ̀kẹta ni ti ebè. Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà wà ní títò bí ebè inú oko. NumPy máa ń tò ó ní ìlà-ìlà tí wọn kò bá sọ fún un pé kó ṣe ohun mìíràn, nígbà tí Julia àti MATLAB ń tò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé aporo kan lọ tààrà kò ní pẹ́ débi tó ń lọ. Ẹni tó bá ń fo láti aporo dé aporo ló máa rẹ̀. Báìtì 64 lọ́pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń bù lẹ́ẹ̀kan, èyí tó gba nọ́ńbà mẹ́jọ tó jẹ́ báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tí ègé bá ń fò káàkiri, nọ́ńbà kan péré ló máa wúlò nínú mẹ́jọ tí wọ́n bù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa lo irú ègé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ̀dà tí wọ́n tò dáadáa lè yá ju ààlà lọ. Ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ.

OHUN TÍ ỌMỌ LÈ ṢE LÓNÌÍ

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó wádìí, kó má fi ojú dá a. NumPy ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ shares_memory. Tí wọ́n bá fi àtẹ méjì hàn án, á sọ bóyá ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà lórí rẹ̀. Nínú Julia, @time máa ń sọ iye àkókò tí iṣẹ́ gbà, á sì tún sọ iye ìgbà tó wá àyè tuntun lórí mẹ́mórì àti bí àyè náà ṣe tóbi tó. Tí nọ́ńbà yẹn bá ń ga sí i bí iṣẹ́ ṣe ń yí po, ẹ̀dà wà níbì kan.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kó bi ara rẹ̀ pé irú nọ́ńbà wo ni iṣẹ́ náà nílò. Gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi mítà wọ̀n kò nílò báìtì mẹ́jọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kó má da gbogbo àká sórí ẹní. NumPy ní ohun kan tó ń jẹ́ memmap, èyí tó ń jẹ́ kí fáìlì wà lórí disk, kó jẹ́ pé apá tí wọ́n bá fọwọ́ kàn nìkan ló máa wá sórí mẹ́mórì. Ó sì lè ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ìlà 500 nínú àtẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ní báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ pàápàá, kò ju nǹkan bíi mẹ́gà 29 lọ. Kó ṣáà rántí pé ìlà tó wà létí ọ̀wọ́ kan nílò èyí tó wà létí ọ̀wọ́ kejì, kó sì fi ìlà kan-kan kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Python, NumPy àti Julia kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fáìlì SRTM náà, ọ̀fẹ́ ni. Dátà tí wọ́n máa fi gbà á sílẹ̀ ló lówó lórí, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gà 104 fún fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó di í pọ̀.

Èyí kò sọ pé kò sí ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun pọn dandan. Iṣẹ́ kan wà tí kò sí ọgbọ́n tó lè mú un wọnú gíìgì 4, ẹ̀rọ tí disk rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kò ní gbọ́ ti ọgbọ́n gígé. Àmọ́ ẹni tó bá ra gíìgì 8 láìtún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, àtẹ tó tóbi díẹ̀ sí i ló máa tún kún ẹní rẹ̀. Tí ọmọ bá fi fáìlì mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ dípò mẹ́rin, àtẹ rẹ̀ á ju ìlọ́po méjì lọ, ìpè á sì tún wọlé.

Nítorí náà, kí bàbá tó yọ iṣu kúrò nínú àká, kí ìyá tó lọ bá ẹgbẹ́ èsúsú, ìbéèrè kan wà tí wọ́n lè bi ọmọ wọn. Wọn kò nílò láti mọ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bi í. Kí wọ́n ní: "Nígbà tí o gé nọ́ńbà yẹn, ṣé ààlà lo fi han ẹ̀rọ, àbí erùpẹ̀ lo ní kó wà?" Tí ọmọ bá mọ ìdáhùn, tó sì ti wádìí rẹ̀, wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀ owó. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí iṣu ṣì wà lákàá ná.